Ibùdó Ìwádìí ní Samburu: Àyẹ̀wò Ọdún

Ọdún ń parí lọ. Ní ibùdó wa ní Samburu, ní àríwá Kenya, níbi tí a ti ń ṣèwádìí láàárín àwọn darandaran, omi la kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò, torí òun ló ń darí gbogbo iṣẹ́ yòókù.

Ẹrù kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan kì í ju kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin lọ, ìyẹn lítà 80. Bí èèyàn mẹ́jọ bá ń lo lítà 10 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, kò ní ṣẹ́kù dọ̀la. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, inú iyanrìn odò tó ti gbẹ ni wọ́n ti ń gbẹ́ kànga. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ ṣe ń pẹ́ ni kànga ń jìn sí i, títí àwọn ọ̀dọ́kùnrin á fi tò léra wọn nínú rẹ̀, tí wọ́n á máa na garawa sókè látọwọ́ dé ọwọ́ pẹ̀lú orin. Kànga kọ̀ọ̀kan ló lólúwa. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ àgbà kí ẹ tó pọn. Ìdájí ló dára jù, kí màlúù tó dé, torí ìgbẹ́ àti ìtọ̀ wọn ń wọ inú iyanrìn. Ẹ gbọ́n omi àkọ́kọ́ dànù, ẹ jẹ́ kí tuntun sun kó sì tòrò. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kó hó fún ìṣẹ́jú kan gbáko lórí iná.

Ẹ má pàgọ́, ẹ má sì gbé mọ́tò sínú odò gbígbẹ yìí rárá. Òjò tó rọ̀ lórí òkè jíjìn lè rán àgbàrá wá nígbà tí ojú ọ̀run ibùdó mọ́ kedere. Ẹ̀gún ń lu táyà: méjì ni kí ẹ gbé dání fún ìpààrọ̀. Ẹ nu eruku orí sólà láàárọ̀, ẹ má sì jẹ́ kí iná inú bátìrì olómi wálẹ̀ kọjá ìdajì.

Ọ̀rọ̀ ìwé ìbéèrè tí a fi ń bi àwọn darandaran léèrè ló ká wa lára jù. Àfẹ̀mọ́júmọ́ àti ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń fún wàrà. Ẹ má dá ẹnikẹ́ni dúró nígbà náà. Ọ̀sán lẹ ó bá àwọn àgbà lábẹ́ igi; ti àwọn obìnrin di ìgbà tí omi àti igi ìdáná bá ti délé. A kì í béèrè iye màlúù ní tààrà, bí àwa Yorùbá kì í ti í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ẹ béèrè mélòó ni wọ́n ń fún wàrà rẹ̀ báyìí. Ìyẹn rọrùn láti dáhùn.

Láti òpin 2020 wọ ìbẹ̀rẹ̀ 2023, àsìkò òjò márùn-ún tẹ̀léra ló já àwọn darandaran ìhà ibẹ̀ kulẹ̀. Nínú irú ọ̀gbẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn ọ̀dọ́kùnrin a da màlúù lọ jìnnà. Arúgbó, obìnrin, ọmọ wẹ́wẹ́ àti ewúrẹ́ díẹ̀ ló ń kù sílé. Ẹni tó bá ka kìkì ohun tó rí nílé á kọ ọlọ́rọ̀ sílẹ̀ ní tálákà. Nítorí náà, ìbéèrè méjì la ó fi kún fọ́ọ́mù ọdún tó ń bọ̀: ẹran wo ló wà ní àgọ́ jíjìn, ta ló sì ń dà á? A ó bi ìyàwó ilé pẹ̀lú, torí òun ló mọ èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ fún wàrà àwọn ọmọ.