Àdìrẹ ni mò ń wá o, mi ò rajà

Orí àdìrẹ Abẹ́òkúta ni mo fẹ́ gbé project mi lé, supervisor mi wá ní àwọn ò fẹ́ rí blog kankan nínú ẹ̀, jọ́nà tí àwọn onímọ̀ ń gbé ìwádìí wọn sí ni kí n lọ wá. Kò burú. Mo bá tẹ adire sórí Google, kí ló kù tí ò kó wá, bùbá, kaftan, bẹ́ẹ̀dìṣíìtì, gbogbo ọjà Ìtòkú ló tú jáde sórí fóònù mi, dátà sì ń lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ló gbà mí. Wọ́n ní "Ṣé ọjà lo fẹ́ rà ni? Kúrò níbẹ̀ jàre, lọ sórí Google Scholar." Ibi tí Google ti ń bá èèyàn wá iṣẹ́ àwọn onímọ̀ nìkan ni, láti 2004 ló ti wà o, mi ò yà síbẹ̀ rí. Mo débẹ̀, mo fàmì sórí àdìrẹ bí ọmọ Yorùbá gidi, nǹkan tó jáde ò pọ̀, ìgbà tí mo yọ àmì kúrò ló tó ń dà wá (ó dùn mí díẹ̀, kí n má parọ́). Wọ́n tún ní kí n fi àmì àyọlò há a báyìí, "adire eleko", kí ọ̀rọ̀ méjèèjì lè wá pọ̀.

Àṣé kì í ṣe gbogbo ẹni tó kọ̀wé nípa àdìrẹ ló pè é ní àdìrẹ. Ẹlòmíì kọ "resist-dyed cloth", ẹlòmíì kọ "indigo dyeing", òpìtàn ní tiẹ̀ lè máa sọ̀rọ̀ òwò àwọn ìyá aláró láyé ìjọba òyìnbó kí àdìrẹ má sí nínú àkọlé ẹ̀ rárá. Mo ti ń kan ilẹ̀kùn kan ṣoṣo látàárọ̀.

Cited by tó wà nísàlẹ̀ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni mo fẹ́ràn jù. Mo tẹ̀ ẹ́ lábẹ́ iṣẹ́ àtijọ́ kan, gbogbo àwọn tó ti tọ́ka sí i látìgbà náà bá tò wá, mo ń tẹ̀ lé wọn lọ títí aago méjì òru fi lù. Ọ̀kan ní kí n san dọ́là tó lé ní 30, ojú ewé mélòó gan-an? Mo tẹ All versions, àṣé ẹni tó kọ ọ́ ti gbé ẹ̀dà ọ̀fẹ́ sórí wẹ́bsáìtì yunifásítì ẹ̀.

Ẹ tún yà sí wẹ́bsáìtì AJOL (African Journals Online), jọ́nà ilẹ̀ Áfíríkà ló kún ibẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀ lọ̀fẹ́.

PDF 11 ló wà lórí fóònù mi báyìí. Mo ti ka 2.