Want inú Sáàmù 23

Ọmọ mi ń ka Sáàmù 23 lóyìnbó lálẹ́ àná, bó ṣe dé "I shall not want" ló bá dúró, ó ní "Mọ́mì, ṣé Dáfídì ò fẹ́ olùṣọ́ àgùntàn yẹn ni?" Ẹ̀rín pa mí o! Mo ní rárá, àìní ni "want" ibẹ̀ yẹn, ṣáà wo Bíbélì Yorùbá, "èmi kì yóò ṣe aláìní" ni wọ́n kọ. Inú "vanta" ló ti wá, èdè àwọn Viking tó lọ tẹ̀dó sí England láyé ọjọ́un, kí nǹkan má sí tàbí kó má pé ni ìtumọ̀ ẹ̀, ìgbà tó yá ló wá di fífẹ́, ó kúkú bọ́gbọ́n mu, ohun téèyàn ò ní náà ló sábà máa ń wù ú. Ó ní ṣé tóun bá kọ "I want sense" nínú ìdánwò, tíṣà á gbà á? Mo ní kó lọ sùn jàre.