Síkéèlì ló ṣáájú bàtà: àyẹ̀wò ọdún 2024 mi

Ẹ kú òpin ọdún o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń sọ pé màá jókòó kọ àyẹ̀wò ọdún mi, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo bá ti mú fóònù báyìí ni ẹnìkan á pè láti ojú kòtò, páǹpù ti kọṣẹ́, tàbí ẹnìkan wá ra ọjà tó lóun ò ní gbà kí wọ́n fi síkéèlì tiwọn wọ̀n ọ́n. Àfìgbà tí Kérésìmesì dé tí kálukú gba ilé ẹ̀ lọ. Mo ti ráyè báyìí, mo fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí, èyí tó dáa àti èyí tí ò dáa.

Fún ẹni tí ò mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe, àwọn abúlé ẹ̀yìn Iléṣà ni mo ń yí ká, apá Itagunmodi àti Igun, níbi tí wọ́n ti ń fọ góòlù. Góòlù ò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà o, láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn ni wọ́n ti ń wà á. Iṣẹ́ tèmi ni pé kí àwọn tó ń fi ọwọ́ wà á má kú sínú kòtò, kí wọ́n má fa májèlé símú, kí wọ́n má sì ba odò jẹ́ fún ẹni tó wà nísàlẹ̀. Ẹnu lásán ló rọrùn láti fi sọ ọ́.

Ọdún náà ò bẹ̀rẹ̀ dáadáa rárá. Ọjọ́ 16 oṣù kìíní ni nǹkan bú gbàù ní Bódìjà n'Ìbàdàn, ilé wó, ẹ̀mí lọ, àwọn tó fara pa lé ní 70, Gómìnà Mákindé sì jáde sọ pé ìwádìí àkọ́kọ́ fi hàn pé àwọn awakùsà tí ò gbàṣẹ ló kó àdó olóró pamọ́ sínú ilé kan níbẹ̀. Mo ní àbúrò kan ní Agbowó, n ò sùn títí ó fi gbé ìpè mi. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, baálẹ̀ kan tó ti máa ń fi àga sábẹ́ igi dè wá ní ká dúró ná. N ò bá a jà, ẹ̀rù ń bà á, èmi náà á bẹ̀rù tó bá jẹ́ èmi ni. Ṣùgbọ́n ó dùn mí gan-an, torí àwọn èèyàn tí mo mọ̀ yìí, dígà, ṣọ́bìrì, báàfù àti pákó tí wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lé ni gbogbo irinṣẹ́ tí wọ́n ní láyé, wọn ò rí àdó olóró rí àfi nínú fíìmù.

Nígbà tó di oṣù kẹta, ìjọba àpapọ̀ gbé Mining Marshals kalẹ̀ látinú àwọn Sífù Dìfẹ́ǹsì, pé kí wọ́n máa mú àwọn tó ń wa kùsà láìníwèé. Mo fara mọ́ ọn níbi tó yẹ, àwọn kan wà tó ń fi katapílà hú oko kòkó olóko látòkè délẹ̀, ẹni bẹ́ẹ̀ yẹ kí wọ́n mú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sáwa ni pé a gbé mọ́tò funfun lọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan nínú oṣù kẹrin, gbogbo èèyàn bá sá wọ igbó, ìyá tó ń gbọmọ pọ̀n náà sá. Nǹkan bíi wákàtí méjì la fi jókòó ti kúlà omi pọ́ọ̀wọ̀ kí ẹnì kan tó yọjú. Látìgbà náà ọ̀kadà ni mò ń gùn lọ.

Kí n wá sórí ohun tó mú kí n sọ àkọlé yìí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún tó kọjá a pín bàtà, ìbọ̀wọ́ àti akoto fún wọn, a ya fọ́tò, gbogbo wa rẹ́rìn-ín, mo sì lọ sílé pẹ̀lú ayọ̀. Nígbà tí mo padà lọ nínú oṣù kejì, ẹsẹ̀ lásán ni gbogbo wọn fi wà nínú ẹrẹ̀, ọlọ́kadà tó gbé mi débẹ̀ gan-an ló wọ ọ̀kan nínú bàtà wa. Wọ́n ti tà á. Inú bí mi, mo sọ̀rọ̀ tí ò yẹ kí n sọ fún àwọn tó jù mí lọ. Ìyá kan tó ti lé ní 60 ọdún, tó ń fọ yẹ̀pẹ̀ níbẹ̀, pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, "Ọmọ mi, jókòó. Ta ló máa gbé ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá wọ̀ sẹ́sẹ̀ nígbà tọ́mọ ẹ̀ ò tíì jẹun?" Ó wá ṣàlàyé bí owó ṣe ń rìn fún mi, ohun tí mo ti yẹ kí n bèèrè láti ọdún àkọ́kọ́.

Bó ṣe rí nìyí: sípọ́ńsọ̀ ló ń gbé gàrí wá, òun ló ń ra pẹtiróòlù páǹpù, òun ló ń gbé mẹ́kúrì, irin olómi tí wọ́n fi ń mú góòlù, wá nínú ìgò, gbogbo ẹ̀ gbèsè ni. Tí góòlù bá jáde, òun náà ló máa rà á, iye tó bá wù ú, síkéèlì tirẹ̀ tó yọ nínú àpò ni wọ́n á sì fi wọ̀n ọ́n. Ẹni tí kò mọ iye giramu tó wà lọ́wọ́ ẹ̀, báwo ló ṣe fẹ́ dúnàá dúrà? Gbogbo ìgbà ló ń jẹ gbèsè, gbogbo ìgbà ló ń sáré, ẹni tó ń sáré ò lè dúró fẹ kòtò, kò lè dúró wá bàtà.

Mo ra síkéèlì kan, kékeré, tó máa ń ka ìdá ọgọ́rùn-ún giramu, pẹ̀lú òkúta irin giramu 20 tí èèyàn fi ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ń pa irọ́. A gbé e sọ́wọ́ ìyá yẹn, torí kò sẹ́ni tó lè bú u níbẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, góòlù tí wọ́n pè ní giramu mẹ́ta, tiwa ka 3.7. Ẹ jẹ́ kí n ṣe ìṣirò yẹn fún yín: ouńsì góòlù kan jẹ́ giramu 31 àti díẹ̀, ó sì kọjá 2,700 dọ́là lọ́jà àgbáyé nínú oṣù kẹwàá ọdún yìí, ìyẹn ni pé giramu kan lé ní 80 dọ́là. Ti inú ilẹ̀ kì í mọ́ tó yẹn, kò sẹ́ni tó máa san gbogbo ẹ̀ fún wọn lójú kòtò, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n 0.7 giramu kì í ṣe nǹkan kékeré, ìyẹn nìkan ló fẹ́ẹ̀ tó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ fún ilé kan. Sípọ́ńsọ̀ yẹn bínú lọ, ó padà wá lọ́jọ́ kẹta, ó sanwó 3.7. Nígbà tó di oṣù keje, wọ́n ti fi owó ara wọn ra bàtà, mi ò bá wọn sọ̀rọ̀ bàtà mọ́ rárá látinú oṣù kejì yẹn.

Rítọ́ọ̀tì, ìkòkò tó ń gba èéfín mẹ́kúrì padà, ló tẹ̀lé e. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò tíì rí i, tí wọ́n bá ti fọ yẹ̀pẹ̀ tán tó ku èyí tó wúwo nísàlẹ̀ báàfù, wọ́n á da mẹ́kúrì sí i, mẹ́kúrì á dì mọ́ góòlù, wọ́n á fún un nínú aṣọ, á ku bọ́ọ̀lù kékeré kan, wọ́n á gbé e kaná. Mẹ́kúrì á fò lọ, góòlù á kù. Ibi tó ń fò lọ nìṣòro, torí inú kíṣìnì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣe é, èéfín ẹ̀ ò hàn sójú, ó ń wọ ẹ̀dọ̀fóró lọ sínú ọpọlọ, ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ọmọ inú aláboyún ló sì léwu fún jù. Lọ́dún tó kọjá mo sọ ìtàn Minamata fún wọn, ìlú kan ní Japan tí ilé iṣẹ́ kan ti da mẹ́kúrì sínú òkun, ẹja jẹ ẹ́, èèyàn jẹ ẹja, wọ́n ń rọ, wọ́n ń kú, wọ́n ń bí ọmọ tí ò lè rìn, òun ni wọ́n fi sọ orúkọ àdéhùn àgbáyé tí Nàìjíríà náà fọwọ́ sí ní 2013, tó sì fòǹtẹ̀ lù ní 2018. Wọ́n káàánú àwọn ará Japan yẹn, lóòótọ́, wọ́n sì padà lọ sídìí iná.

Lọ́dún yìí mo yí ọ̀rọ̀ padà. Wẹ́dà kan n'Iléṣà bá wa ṣe é: ìkòkò irin tó ní ìdérí tó dì dáadáa, ọ̀pá kan jáde lórí ẹ̀ tó tẹ̀ sísàlẹ̀, a fi aṣọ tútù wé ọ̀pá náà, ìta gbangba la ti dáná sí i. Èéfín mẹ́kúrì á tutù nínú ọ̀pá, á tún di olómi, á máa kán sínú ife omi. A dà á sínú ìgò, a dé e, a gbé e yí ká. Ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀. Gbogbo wọn ń wo owó tí wọ́n ti ń dáná sun láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló kọ́kọ́ lanu, ó ní, "Àǹtí, ìgò mélòó la ti fi ṣe èéfín?" Rítọ́ọ̀tì mẹ́rin ló wà níta báyìí, mẹ́ta ni wọ́n ń lò déédéé. Kí wọ́n má lo mẹ́kúrì rárá ni mo ń fẹ́, a ti dán bọ́rásì, ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n fi ń yọ́ góòlù láìlo mẹ́kúrì, wò lẹ́ẹ̀mejì, àkọ́kọ́ ò yọ́ torí iná èédú wa ò gbóná tó, ìkejì jáde lẹ́yìn tá a yá ẹwìrì lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ kéèyàn fọ yẹ̀pẹ̀ náà mọ́ gan-an kó tó débẹ̀, sùúrù wọn ò tíì dé ibẹ̀.

Olùkọ́ tó dáa jù lọ lọ́dún yìí kì í ṣe èmi. Ọkùnrin kan ni, ará Zamfara, ó ń bá wọn gbẹ́ kòtò, gbogbo wọn ń pè é ní Mállàm. Lọ́jọ́ kan tí mò ń ṣàlàyé pé kí wọ́n máa da omi sí òkúta kí wọ́n tó lọ̀ ọ́, kí eruku má baà fò, ó dìde láìjẹ́ pé mo pè é. Ó sọ ti 2010. Ó ní àwọn obìnrin ń lọ òkúta góòlù nínú ilé, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ìyẹ̀fun náà ni wọ́n ń lò, òkúta yẹn ní òjé nínú, eruku ẹ̀ bà sórí ẹní, sórí oúnjẹ, sára ọmọ tó ń rá lórí ilẹ̀. Gìrì bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn ọmọdé, wọ́n ń kú, wọ́n ní ibà ni, àfìgbà tí àwọn dókítà MSF, ìyẹn ẹgbẹ́ Dókítà Láìsí Ààlà, wá yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Ọmọ tó lé ní 400 ló kú, ẹ̀yin èèyàn mi. Ní abúlé Bagega, di 2013 ni wọ́n tó kó yẹ̀pẹ̀ olóró yẹn kúrò. Mállàm ò gbóhùn sókè, Yorùbá ẹ̀ ń ta gọ́n-gọ́n, ó kàn ń ka orúkọ àwọn ọmọ àdúgbò ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti ọjọ́ yẹn ẹ̀rọ lílọ̀ ti kúrò nítòsí ilé, àwọn obìnrin ló fi ọwọ́ ara wọn gbé e lọ sí ìsàlẹ̀ odò.

Ibi tí mo ti kùnà náà rèé. Kòtò. Mo ti kọ́ wọn pé kí ẹnu kòtò fẹ̀ ju ìdí ẹ̀ lọ, kí wọ́n gbẹ́ ẹ ní àtẹ̀gùn-àtẹ̀gùn, kí yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n kó jáde jìnnà sétí ẹ̀, kí wọ́n má gbé páǹpù oní-pẹtiróòlù sọ̀ kalẹ̀ sínú ẹ̀ torí èéfín ẹ̀ ń pa èèyàn wẹ́rẹ́, kí wọ́n má jẹ abẹ́ ilẹ̀ wọlé láti tẹ̀lé góòlù. Oṣù kẹfà tí òkè ya lé àwọn awakùsà lórí ní Galkogo, ní Shiroro, ìpínlẹ̀ Niger, a jókòó sọ ọ́. Nínú oṣù kẹsàn-án, mo dé ojú kòtò kan, mo rí i pé wọ́n ti ń jẹ abẹ́ ẹ̀. Mo sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ọjọ́ méjì péré ló kù, àwọn máa dí i. Ilẹ̀ ti ń ṣú, òjò ti ṣú dùdù, mo gun ọ̀kadà lọ. Ó yẹ kí n dúró títí wọ́n á fi jáde níbẹ̀, n ò dúró. Ó ya lulẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó ká ọmọ ọdún 19 kan mọ́ láti itan lọ sísàlẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ wú u jáde. Ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ ní káwọn kọ́kọ́ rí owó, ìkejì gbà á. Irin wà nínú ẹsẹ̀ ẹ̀ báyìí. Mo ń lọ wò ó, ìyá ẹ̀ ń gbé oúnjẹ fún mi, ìyẹn ló ń dùn mí jù, pé obìnrin yẹn ṣì ń gbé oúnjẹ fún mi.

Ti omi, a gbẹ́ kòtò ìsinmi mẹ́ta, omi ẹrẹ̀ á lọ láti ọ̀kan sí èkejì, ẹrẹ̀ á rọlẹ̀, wọ́n á tún fa omi náà lò. Odò kékeré tó wà lẹ́bàá ibẹ̀ ti ń mọ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá ti dé Òṣogbo mọ ohun tí mò ń sọ, odò Ọ̀ṣun tó ń gba inú igbó tí UNESCO kọ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2005 kọjá ti dà bíi tíì oníwàrà, ní 2022 ìjọba ní láti kìlọ̀ fáwọn tó wá ṣọdún pé kí wọ́n má mu ún. Kòtò ìsinmi mẹ́ta ò lè wẹ odò yẹn mọ́. A ti gbẹ́ mẹ́ta ṣá, a fẹ́ gbẹ́ sí i. A dí kòtò àtijọ́ márùn-ún pẹ̀lú, olóko kan ti gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sórí méjì nínú ẹ̀.

Ìwé àṣẹ ló kù. Abẹ́ òfin, ìjọba àpapọ̀ ló ni ohun tó wà nínú ilẹ̀, òfin ìwakùsà ti 2007 sì fàyè gba kí àwọn awakùsà kékeré para pọ̀ di ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Àwọn 23 ti forúkọ sílẹ̀, wọ́n ti yan akápò, ìyá onísíkéèlì ni. Fáìlì wọn ṣì wà nílẹ̀, a ti lọ bèèrè lẹ́ẹ̀mẹ́rin.

Ọjọ́ kẹfà oṣù kìíní la máa padà síbẹ̀. Ìyá pè mí lánàá, ó ní bátìrì síkéèlì ti ń kú lọ, kí n má gbàgbé o. Mo ti ra mẹ́fà, wọ́n wà nínú báàgì mi.