Kí Lẹ Fẹ́ Bù Sí I? Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nídìí Ríra Àwo Àtijọ́

Inú ṣọ́ọ̀kéèsì ni àwo ìyá mi ń gbé. Aṣọ ni màmá ń tà ní Gbági, ilé ìtajà Kingsway tó wà ní Dùgbẹ̀ láyé ìgbà náà ni wọ́n sì ti ra àwọn àwo ọ̀hún ní ọdún 1974: àwo pẹrẹsẹ méjìlá, àwo kòtò méjìlá, abọ́ olómorí méjì, àti àwo gbọọrọ kan tó gba odindi ẹja àrọ̀. Láàárọ̀ Sátidé, àwa ọmọ á jókòó sórí ẹní, a ó máa nù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó sì dá wọn padà síbi tí a ti mú wọn. Abọ́ páànù làwa fi ń jẹun.

Nígbà tí wọ́n kó wọn fún mi, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n sọ: "Má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n jókòó lásán lọ́dọ̀ tìẹ náà o. Fi wọ́n jẹun." Mo sì fi wọ́n jẹun. Láàárín ọdún kan, mo ti fọ́ mẹ́ta, mo ti fi kànrìnkàn onírin họ góòlù etí mẹ́fà dànù, ọmọrí ọ̀kan nínú abọ́ olómorí sì ti fọ́ yángá. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ra àwo àlòkù láti fi dí àlàfo wọn, mo sì ra ìràkurà. Ó tó ọdún mẹ́jọ kí ojú mi tó là sí ọ̀rọ̀ yìí, mi ò sì fẹ́ kó pẹ́ ẹlòmíràn tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mò ń bi ara mi báyìí kí n tó tú pọ́ọ̀sì ni pé: kí ni mo fẹ́ bù sí i? Ẹwà ń bọ̀ lẹ́yìn, ọjọ́ orí àwo náà ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹni tó mọ àwo ní Staffordshire, níbi tí ọ̀pọ̀ àwo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti wá, ẹran sísun àti ọ̀dùnkún ló wà lọ́kàn rẹ̀. Kò ronú kan àbùlà. Ẹ gbé àmàlà sórí àwo pẹrẹsẹ rẹ̀, kí ẹ bu gbẹ̀gìrì àti ewédú lé e. Ọbẹ̀ á sá lọ sétí, yóò sì ti tutù kí ẹ tó mú òkèlè kẹta. Àwo kòtò tiwọn sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n bèbè rẹ̀ fẹ̀, àyè tó ṣẹ́ kù láàárín kò tó nǹkan. Èyí tó gba àbùlà dáadáa ni abọ́ tí kò ní bèbè rárá, tí inú rẹ̀ jìn tó ínṣì méjì, tí ìdí rẹ̀ sì wúwo, kó má baà máa yí kiri nígbà tí ọwọ́ bá ń gé òkèlè. Mẹ́fà péré ni mo ní nínú irú rẹ̀. Ẹni tó bá ní kí n wá fi wọ́n gba odindi ṣọ́ọ̀kéèsì, mi ò ní gbà.

Abọ́ olómorí tí àwọn òyìnbó fi ń gbé ẹ̀fọ́ wá sórí tábìlì, gbẹ̀gìrì ló yẹ ẹ́ jù. Gbẹ̀gìrì tí a kò bá dé, kíá ló ń dipọ̀, tí ojú rẹ̀ á sì yí awọ. Ẹ kọ́kọ́ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣan abọ́ náà kí ẹ tó bu ọbẹ̀ gbígbóná sí i. Ooru á pẹ́ nínú rẹ̀, abọ́ náà kò sì ní sán. Ohun èlò kan tún wà tó dà bí ọkọ̀ ojú omi kékeré, ó ní ọwọ́ lẹ́yìn, ó ní ẹnu níwájú, omi ẹran ni wọ́n fi ń dà. Ewédú ni mo torí rẹ̀ rà á. Àṣìṣe ni. Ewédú kì í gé bọ̀rọ̀: bí mo bá dà á tán, á máa fà láti ẹnu ohun náà bọ́ sórí aṣọ tábìlì funfun. Ọbẹ̀ ata ni mò ń bù sí i báyìí, ewédú sì ti padà sínú abọ́ tí a ń fi ìpọnbẹ̀ bù. Àwo gbọọrọ dára fún ẹja, dòdò àti mọ́ínmọ́ín eléwé. Àwo gíláàsì ẹlẹ́sẹ̀ kan tí wọ́n ṣe fún kéèkì, àgbálùmọ̀ ni mò ń tò sí i tó bá di oṣù Kìíní, kò sì sí àlejò tó wọlé tí kò ní kọ́kọ́ wo ibẹ̀.

Tánganran là ń pe oríṣi méjì nílé wa: èyí tó jẹ́ amọ̀ tó ń fọ́, àti èyí tó jẹ́ irin tí wọ́n fi gíláàsì yíyọ́ bò. Ẹ má fojú tín-ín-rín èyí onírin. Òun ló kún inú ẹrù ìyàwó àwọn ìyá wa, òun náà ni àwọn obìnrin tó ń ṣe pàṣípààrọ̀ máa ń gbé kiri àdúgbò, tí wọn á gba ṣòkòtò àlòkù, tí wọn á sì fún èèyàn ní abọ́ olódòdó. Ẹ máa rí orúkọ Czechoslovakia, Hong Kong tàbí Poland nídìí wọn. Inú iná tó tó nǹkan bí ìwọ̀n 800 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni gíláàsì náà ti yọ́ mọ́ irin, nítorí náà tọ́jọ́tọ́jọ́ ni, àfi tí ó bá ṣubú. Bí ó bá ṣí níta, kò burú. Bí ó bá ṣí nínú, níbi tí oúnjẹ ń fara kàn, ìpẹtà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, èérún gíláàsì á sì máa já bọ́ sínú ọbẹ̀. Ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á. Tí inú rẹ̀ bá mọ́, kò sí ohun tó dára tó bàsíà rẹ̀ fún omi ìfọwọ́ lórí tábìlì.

Ní ti amọ̀, ọwọ́ àti etí ló ń sọ òótọ́. Ẹ gbé àwo náà lé orí ìka kan, kí ẹ fi èékánná kàn án. Èyí tó pé á dún gan-in, ohùn rẹ̀ á sì dúró díẹ̀. Èyí tó ti sán á dún kọ̀, bí ìgbà tí a bá kan igi. Ẹ gbé e sí oòrùn, kí ẹ fi èékánná tọ gbogbo etí rẹ̀ yíká. Ojú lè fo ibi tó ṣí, èékánná kì í fò ó. Bí ẹ bá rí òjìji ìka yín láti òdì kejì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èyí tí wọ́n po eérú egungun màlúù mọ́ amọ̀ rẹ̀ ni. Ó fẹ́lẹ́ lójú, àmọ́ ó le ju bó ṣe rí lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ fún àwa ni epo pupa. Àwo àtijọ́ mìíràn wà tí ojú rẹ̀ ti sán wẹ́wẹ́ bí òwú aláǹtakùn, tí kò sì tíì fọ́. Àwọn kan fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n ní ó fi ọjọ́ orí hàn. Mo ra mẹ́rin, mo bu ẹ̀fọ́ rírò sí wọn. Epo wọ inú ìlà wọ̀nyẹn, ó di àwọ̀ ìyeyè, mo fọ̀ ọ́ títí, kò lọ. Lẹ́yìn oṣù kan ó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí epo tó ti bà, bí mo bá sì gbé nǹkan gbígbóná sínú rẹ̀, òórùn náà á tún jáde. Irú àwo bẹ́ẹ̀, búrẹ́dì ni kí ẹ tò sí i, tàbí èso tí a kò tíì bó.

Ẹ yí ìdí àwo sókè kí ẹ tó ná an. Arákùnrin kan tó ń ta ẹrù kọ̀ǹténà ní Dùgbẹ̀ sọ fún mi pé, "Màmá, láti ayé Ayaba Victoria ni àwo yìí ti wà. Ẹ ẹ̀ lè rí irú ẹ̀ mọ́ n'Ìbàdàn." Mo yí i. Wọ́n kọ "Dishwasher Safe" síbẹ̀. Ọdún 1901 ni Victoria wàjà; àkọlé yẹn, ẹ̀yìn Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí ẹ̀rọ ìfọwo ti ń wọ ilé àwọn èèyàn, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ sídìí àwo. Mo fi hàn án, ó wò ó dáadáa, ó ní òun ò mọ̀, ó sì dín owó rẹ̀ kù. Mo gbà pé kò mọ̀ lóòótọ́. Láti ọdún 1891 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní kí wọ́n máa kọ orúkọ ilẹ̀ tí ọjà tí wọ́n ń kó wọ ibẹ̀ ti wá sí i lára, nítorí náà àwo tó bá ní "England" nídìí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni wọ́n ṣe é. "Made in England" sábà máa ń jẹ́ ti ọ̀rúndún ogún, ìyẹn ẹ̀yìn ọdún 1900. Tí ẹ bá rí Czechoslovakia, àárín 1918 sí 1992 ni. Orílẹ̀-èdè náà kò sí mọ́. Ṣíbí tí wọ́n kọ EPNS sí kì í ṣe fàdákà gidi, awọ fàdákà ni wọ́n fi bò ó. Ẹ fi jẹun, ṣùgbọ́n ẹ má san owó fàdákà.

Òjé, irin olóró tí òyìnbó ń pè ní lead, ni ọ̀rọ̀ tí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú fò. Àwọn tó ń ṣe àwo láyé àtijọ́ ń po òjé mọ́ dídán ojú àwo àti ọ̀dà tí wọ́n fi ya òdòdó sí i. Ohun kíkan ló ń fà á jáde: tòmátò, ọsàn wẹ́wẹ́, ògì, sọbọ̀. Ooru ń ràn án lọ́wọ́, àkókò sì ń ràn án lọ́wọ́. Ọmọdé ló máa ń bà jẹ́ jù, àti aboyún. A kò gbàgbé ohun tí òjé tó wà nínú erùpẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń wa góòlù fi ojú àwọn ọmọ Zamfara rí ní ọdún 2010. Èmi fúnra mi bu sọbọ̀ sínú jọ́ọ̀gì kírísítà kan, mo gbé e sí fíríìjì di ọjọ́ kejì. Àbúrò mi tó ka kẹ́mísírì ní Yunifásítì Ìbàdàn wọlé, ó rí i, ó dà á nù kó tó là'nu. Ó ní, "Àǹtí mi, ìdá mẹ́rìnlélógún nínú ọgọ́rùn-ún gíláàsì yìí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló jẹ́ ti òjé." Òdòdó ló wà nínú jọ́ọ̀gì náà báyìí. Àwo tí mo bá rí pé òdòdó rẹ̀ ga lábẹ́ ìka, tàbí tó ti ń ṣí, mi ò jẹ́ kí ọbẹ̀ kàn án. Èyí tó kù, a ń jẹun nínú rẹ̀, a ò ń fi oúnjẹ pamọ́ sínú rẹ̀.

Kì í ṣe ti òyìnbó nìkan ni àtijọ́ o. Igbá fínfín tí wọ́n ń ṣe ní Ọ̀yọ́, ìṣasùn àti ọpọ́n onígi náà yẹ tábìlì. Bí onígbá bá ṣe pe igbá rẹ̀ ni ayé ṣe ń bá a pè é. Mo gbé igbá fínfín àǹtí ìyá mi sáàárín tábìlì, mo kó ọsàn sí i, àwọn ọmọ mi sì ti mọ̀ pé òun ló níyì jù níbẹ̀. Ẹ má rẹ ẹ́ sómi, ẹ má bu ohun gbígbóná sí i.

Ẹ má sì dúró de èyí tó pé méjìlá. Èmi yan àwọ̀ kan, pupa rẹ́súrẹ́sú bíi ti màmá, mo ń kó oríṣiríṣi jọ mọ́ ọn. Bàsíà ike tí mo tẹ́ aṣọ sí ni mo ti ń fọ̀ wọ́n, pẹ̀lú kànrìnkàn rírọ̀, èyí tó ní góòlù létí kì í sì í wọ máíkírówéèfù nítorí iná á máa ta.

Ọmọrí abọ́ màmá ni mi ò tíì rí. Okùn kan wà nínú pọ́ọ̀sì mi tí mo fi wọn ẹnu abọ́ náà, mo ta á ní kókó síbi tó dé. Ibikíbi tí mo bá ti rí ọmọrí tó dá wà, ní Dùgbẹ̀ tàbí níbi bàsáà ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì, mo máa ń yọ okùn yẹn. Èyí tó sún mọ́ ọn jù títí di òní fi díẹ̀ fẹ̀ jù, mo sì rà á. Ó ń mì tí a bá gbé abọ́ náà, ṣùgbọ́n gbẹ̀gìrì ń gbóná lábẹ́ rẹ̀.