Màmá kàwé lọ́fẹ̀ẹ́, èmi ń sanwó: gbèsè New York ti 1975

Iṣẹ́ home care ni mo fi ń gbọ́ bùkátà mi ní Bronx níbí, màmá kan tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún ni mò ń tọ́jú, tíṣà ni kó tó fẹ̀yìn tì. Alẹ́ ọjọ́ kan mò ń san owó kíláàsì mi ní CUNY, yunifásítì ìlú New York, lórí fóònù, kirẹ́díìtì (unit) kan 305 dọ́là, mo kàn ń mí kanlẹ̀ ṣáá, ni màmá bá ní "èmi ò san nǹkan kan o." Mo rò pé scholarship ló gbà. Ó ní rárá, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń kà á ní City College, tó wà lábẹ́ CUNY, nígbà yẹn, látìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1847.

Mo ní kí ló wá dé? Ó ní gbèsè ìlú New York ni.

Ṣé ẹ rí i, fáktírì ń kó kúrò nílùú, àwọn tó lówó lọ́wọ́ ń kó lọ sẹ́yìn odi, owó orí ń lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọsibítù ìjọba wà níbẹ̀, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wà níbẹ̀, owó oṣù òṣìṣẹ́ náà wà níbẹ̀, olóṣèlú wo ló fẹ́ fọwọ́ kàn án tó ṣì fẹ́ kí wọ́n dìbò fóun? Wọ́n bá ń yáwó. Wọ́n á ní owó orí tó ń bọ̀ làwọn fi máa san án, ìgbà míì owó tí wọ́n ń retí yẹn gan-an ò ní wọlé láéláé. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé wọ́n ń ki lára owó oṣù bọ inú owó tí wọ́n yá láti fi kọ́lé kọ́ afárá, kí bọ́jẹ́ẹ̀tì lè dà bíi pé ó gún. Mo rẹ́rìn-ín tán mo rántí pé èmi náà ti fi credit card kan san òmíràn rí, mo bá panu mọ́.

Nígbà tó fi máa di 1975 gbèsè ti tó bíi 14 bílíọ̀nù dọ́là, àwọn báńkì ní ó tó gẹ́ẹ́. Abraham Beame ni mayor, accountant sì ni o, òun gan-an ló ń ṣọ́ àpò ìlú tẹ́lẹ̀! Lóṣù kẹfà ẹgbẹ́ ọlọ́pàá, tínú ń bí pé ìlú fẹ́ lé òṣìṣẹ́, ń pín ìwé tí wọ́n ya agbárí òkú sí fáwọn àlejò, pé kí wọ́n má rìn níta lẹ́yìn aago 6 ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n má wọ subway, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, rárá. July wọlé, wọ́n lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ dànù, àwọn kólẹ̀kódọ̀tí dáṣẹ́ sílẹ̀, màmá ní nínú ooru yẹn ṣe lèèyàn ń dimú rìn. Owó subway kúrò ní sẹ́ǹtì 35, ó di 50.

Ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá ló le jù. 453 mílíọ̀nù dọ́là gbọ́dọ̀ jáde lọ́jọ́ yẹn, kò sí i nílẹ̀, wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ tí mayor máa kà pé ìlú ti wọko gbèsè. Ọ̀sán ni Albert Shanker, olórí ẹgbẹ́ tíṣà, tó gbà pé kí wọ́n fi 150 mílíọ̀nù nínú owó ìfẹ̀yìntì àwọn tíṣà ra ìwé gbèsè ìlú, ìyẹn ni pé kí wọ́n fi yá ìlú. Màmá fọwọ́ lu àyà, ó ní "tèmi wà níbẹ̀." Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ Ààrẹ Ford ní òun ò ní gbà wọ́n sílẹ̀, ìwé ìròyìn Daily News gbé e sójú ewé àkọ́kọ́ pé Ford ní kí ìlú lọ kú. Kò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ o, àmọ́ ta ló ń gbọ́ ìyẹn. Oṣù kọkànlá ọdún kan náà ló yí ohùn padà, ó yá wọn lówó, tèlé-tèlé sì ni.

Àwọn kan tí gómìnà kó jọ ló wá ń ṣọ́ ìnáwó ìlú, 1976 ni CUNY bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó. Nígbà tó fi máa di 1981 bọ́jẹ́ẹ̀tì ti gún padà, gidi lọ́tẹ̀ yìí. Subway ò padà sí sẹ́ǹtì 35. Ilé-ẹ̀kọ́ náà ò padà sí ọ̀fẹ́.

Màmá bi mí pé kí ni mò ń kọ́ gan-an. Mo ní accounting. Ó wò mí títí, ó ní "bíi Beame," ó bá yíjú sí tẹlifíṣàn.