Egbò Ti Jiná, Ẹsẹ̀ Ṣì Ń Ta

Egbò ti jiná, eegun ti so, síbẹ̀ ẹsẹ̀ ń ta bí ẹni fi ata rodo pa á. Ẹni tó ṣubú lórí ọ̀kadà ní Ọláìyá, l'Óṣogbo níbí, lè sọ fún yín pé aṣọ ìbora lásán ń dun òun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á gbọ́. Iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ ló fara pa, òun ló ń pariwo níbi tí kò sí egbò mọ́. Bí irú iṣan bẹ́ẹ̀ bá máa hù padà, nǹkan bíi mílímítà 1 ló ń hù lóòjọ́. Tí ibi tó ti fara pa bá fi sẹ̀ǹtímítà 30 jìnnà sí ọmọ ìka ẹsẹ̀, ó tó oṣù 10.

Panadol kì í sábà ran irú ìrora yìí. Ọ̀kan lára oògùn tí dókítà máa ń kọ ni amitriptyline, mílígíráàmù 10 lálaalẹ́, kó tó máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Ẹnu á gbẹ, oorun á máa kunni, ìgbẹ́ lè le. Ibí gan-an lọ̀pọ̀ ti ń kùnà: wọ́n á lò ó fún ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n á ní kò ṣiṣẹ́, wọ́n á jù ú nù. Ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 ló yẹ kéèyàn fi wò ó. Bó bá jẹ́ gabapentin, oògùn mìíràn fún irú ìrora yìí, ni, ẹ má dá a dúró lójijì. Ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ kan la fi ń dín in kù. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni tramadol, oògùn ìrora tó le, tí wọ́n ń lọ rà kún un ní kẹ́mísìtì. Pẹ̀lú amitriptyline ó lè fa gìrì. Pẹ̀lú gabapentin ó lè mú kí èémí falẹ̀ débi ikú.

Awọ ara náà ní ẹ̀kọ́ tó gbọ́dọ̀ tún kọ́. Ẹ fi òwú bẹ̀rẹ̀ níbi tí kò dùn yín, ẹ rọra fi í pa ara lọ síbi tó ń ta, kí ojú yín wà níbẹ̀. Ìṣẹ́jú 5, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta sí mẹ́rin lójúmọ́. Nígbà tí ara bá gba òwú, ó kan àdìrẹ tó ti gbó tó rọ̀ (ìlú aró la wà, àgékù ẹ̀ kò wọ́n), lẹ́yìn náà táwẹ̀lì. Àdìrẹ tuntun tí sítáàṣì ṣì wà lára rẹ̀ ti le jù. Tí ìrora bá ru sókè tí kò sì rọlẹ̀ láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ padà sórí èyí tó rọ̀ jù ú lọ.

Omi gbígbóná ń kọ́? Ìgbọ̀nwọ́ ni kí ẹ fi tọ́ ọ wò, torí ẹsẹ̀ tó fara pa kì í mọ ooru dáadáa. Ẹ má sì fi bámù tó ń ta ra á kí ẹ tún fi báńdéèjì dì í. Ó ń bó awọ.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń ná Ọjà Ọba, ẹ jókòó lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, kí ìrora tó dé.

Bí ẹsẹ̀ bá ń wú, tí àwọ̀ rẹ̀ ń yí padà, tó ń làágùn, tó tutù tàbí gbóná ju èkejì lọ, ẹ má dúró de oṣù tó ń bọ̀. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá UNIOSUN (ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun), ẹ ní kí dókítà kọ̀wé yín sí ẹ̀ka físíò (àwọn tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú ara), kí ẹ sì kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò dání, títí kan àgbo.