Agara Kì Í Ṣe Àárẹ̀: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Lẹ́nu Iṣẹ́ Tíṣà

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàwé iṣẹ́, àti ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe TP, ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, lọ́wọ́ káàkiri Òṣogbo, mo kí yín o. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ wa níṣẹ́ olùkọ́, wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń kọ lẹ́sìn nóòtù, wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń to ọmọ sí ìjókòó, wọ́n ní ká má kọ ẹ̀yìn sí kíláàsì tí a bá ń kọ nǹkan sójú pátákó. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa bí a ó ṣe mọ̀ tí iṣẹ́ náà bá ti ń sú wa lọ́nà tí oorun ò lè wò.

Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ ká fọwọ́ ìbẹ̀rù sọlẹ̀ ná. Kò sí tíṣà tí kì í rẹ̀. Ẹni tó dúró lórí ẹsẹ̀ láti àárọ̀ títí aago méjì, tó ń pariwo kí ọmọ tó wà lẹ́yìn pátápátá lè gbọ́, tí kò bá rẹ̀ ẹ́, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ lórí ètò ẹ̀kọ́ ní kí ọmọ tó wà níwájú olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan má ju 35 lọ. Ẹ̀yin náà ẹ mọ iye tó ń fún ara wọn pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì níbi tí ẹ wà. Ẹlòmíì tún ń gbé Òṣogbo, ó ń wọkọ̀ lọ sí Ìkìrun tàbí Ẹdẹ lójoojúmọ́, kó tó wá padà wá kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́ kí owó lè tó ná.

Gbogbo ìyẹn, másùnmáwo ni, ara sì mọ ohun tó ń ṣe sí i. Tí wọ́n bá ní àwọn ìnsípẹ́kítọ̀ ń bọ̀ lọ́la láti Àbẹ̀rẹ́, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ wà, àyà yín á máa lù, oorun á dá lójú yín. Èròjà tí ara fi ń múra ìjà, adrenaline, á tú sínú ẹ̀jẹ̀, èkejì rẹ̀, cortisol, á tẹ̀ lé e, ẹ ó sì rí agbára tí ẹ ò mọ̀ pé ẹ ní láti fi tún díárì kọ mọ́jú. Ìnsípẹ́kítọ̀ lọ tán, ara rọlẹ̀, ẹ sùn bí ọmọ tuntun. Másùnmáwo máa ń ní orúkọ, ó sì máa ń ní ọjọ́. Ìnsípẹ́kítọ̀ ni o, àkópọ̀ máàkù ìparí sáà ni o, WAEC ni o, òbí tó ń bọ̀ wá jà nítorí wọ́n na ọmọ rẹ̀ ni o. Ọjọ́ náà bá kọjá, òun náà á kọjá.

Agara ò ní ọjọ́. Ẹ ò lè tọ́ka sí nǹkan kan pé òun ni. Ó ń wá díẹ̀díẹ̀ látinú másùnmáwo tí kò rí ọjọ́ kankan parí, sáà lórí sáà, ọdún lórí ọdún. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní burnout nìyẹn. Onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá kan, Herbert Freudenberger, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1974, lẹ́yìn tó ti rí i lára àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú ọ̀fẹ́ kan ní New York. Ẹ kíyè sí irú èèyàn tó rí i lára wọn: àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn, tí wọ́n ń fi tọkàntọkàn tọ́jú aláìsàn, ni. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Mo máa ń tẹnu mọ́ èyí fún àwọn ọ̀dọ́ tíṣà, torí ẹni tí kò fọkàn sí iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, agara kì í sábà rí nǹkan mú lára rẹ̀.

Ní 1981, àwọn onímọ̀ méjì kan, Christina Maslach àti Susan Jackson, gbé ìwé ìbéèrè kan jáde tí wọ́n fi ń wọn agara, wọ́n sì wá ṣe ti àwọn olùkọ́ lọ́tọ̀ lẹ́yìn náà. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n gbà wò ó. Àkọ́kọ́, kó rẹ ọkàn èèyàn débi tí kò ní nǹkan kan tí ó lè fún ẹlòmíì mọ́. Èkejì, kí ọkàn rẹ̀ kúrò lára àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún, kó máa wò wọ́n bí ẹrù. Ẹ̀kẹta, kó máa rò pé gbogbo làálàá òun ò já mọ́ nǹkan kan. Ọ̀nà mẹ́ta yìí náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ̀ lé nígbà tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ agara sínú ìwé àkójọ àìsàn wọn, ICD-11, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2019, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022. Wọn ò pè é ní àìsàn o. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́ ni, tó ń wá látinú másùnmáwo ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí a ò bójú tó.

Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èkejì ni èmi máa ń wá lára tíṣà. Rírẹ̀ ò lè sọ òótọ́ fún mi, torí gbogbo wa ló ń rẹ̀. Ẹ̀kẹta náà ò fi bẹ́ẹ̀ ràn mí lọ́wọ́: ẹ lọ bá tíṣà èyíkéyìí lọ́jọ́ tí èsì WAEC jáde, ẹ ó gbọ́ pé òun ò wúlò. Ṣùgbọ́n bí tíṣà ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ, ìyẹn kì í parọ́.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan tí a jọ kọ́ni nílé-ìwé kan nílùú yìí. Ìṣirò ló ń kọ́. Ó mọ ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń pa aró, ó mọ èyí tí kì í jẹun kó tó kúrò nílé, ó mọ èyí tó jẹ́ pé ìyá àgbà ló ń tọ́ ọ. Ó máa ń pariwo mọ́ wọn, á tún bá púríńsípà fa wàhálà nítorí bẹ́ǹṣì. Nígbà tó yá, ó dákẹ́. Kò bá ẹnikẹ́ni jà mọ́, ó ń tètè dé, nóòtù rẹ̀ ń pé. Àwọn èèyàn ń yìn ín pé ó ti wá ní sùúrù, pé àgbà ti ń dé. Àṣé nóòtù èṣí ló ń dà kọ, déètì nìkan ló ń yí padà. Iṣẹ́ àṣetiléwá tí kò kà, á fi bírò pupa sàmì sí i pé ó dára. Àwọn tó ń pè ní “Wàsíù mi”, “Bọ́sẹ̀ mi” tẹ́lẹ̀ wá di “àwọn wọ̀nyí”. Ọmọ tó bá sunkún níwájú rẹ̀, ṣe ló máa ní kó jáde lọ sunkún tán kó tó wọlé. Kò bínú nígbà tó sọ ọ́ o. Àìbínú yẹn ló dẹ́rù bà mí.

Lásìkò kan náà, tíṣà Kẹ́mísìrì wa ń kígbe kiri ọgbà ní gbogbo àsìkò WAEC. Ó gbàgbé oúnjẹ sórí tábìlì títí ó fi kan, ó pàdánù kọ́kọ́rọ́ láàbù, ó ń bá gbogbo ayé jà. Òun ni gbogbo wa ń káàánú. Bí wọ́n ṣe gba ìwé ìdánwò tó kẹ́yìn, ó lọ sùn, nígbà tó padà dé, àpárá ló ń dá. Nínú àwọn méjèèjì, ẹni tó ń pariwo ni ara rẹ̀ yá jù. Ẹni tó bá ṣì ń bínú ṣì ń retí nǹkan.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ní kí wọ́n wo tíṣà nígbà ìsinmi gígùn, kì í ṣe àárín sáà. Tó bá di August, tí àwọn àlejò ọdún Ọ̀ṣun ti ń wọ̀lú, tí ọ̀nà Ojúbọ ò ṣeé gbà fún ọkọ̀ àti èèyàn, ilé-ìwé ti wà ní títì pa. Ẹni tó jẹ́ pé másùnmáwo ló ń bá a jà, ara rẹ̀ á ti padà sípò nígbà yẹn. Á ti máa rẹ́rìn-ín, á lọ wo Arugbá tàbí kó jókòó sílé máa fi àwọn tó lọ ṣe yẹ̀yẹ́, ó tilẹ̀ lè máa sọ ohun tí òun fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú JSS 1 tuntun. Ẹni tí agara dá, ìsinmi ò kàn án. Á sùn, kò ní yá a. Kò sí ohun tó ń kà ju ọjọ́ tí wọ́n máa wọlé ní September, inú rẹ̀ á sì máa run ún bó ṣe ń kà á. Mo mọ ẹnì kan tó jẹ́ pé tó bá ti gba iwájú géètì ilé-ìwé rẹ̀ kọjá lórí ọ̀kadà nínú ìsinmi, ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ omi.

Ẹ óò wá gbọ́ oríṣiríṣi ìmọ̀ràn. Wọ́n á ní ayé ló ń ṣe é, kó lọ gbàdúrà. Kó gbàdúrà, kò burú, èmi náà ń gbà á. Wọ́n á ní kó ra oògùn ẹ̀jẹ̀. Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ti àwọn tó ń sọ pé ọ̀run ni èrè olùkọ́ wà. Ẹni tó bá fẹ́ kí n gba ti ọ̀run kó kọ́kọ́ san ti ayé fún mi ná.

Ọ̀rọ̀ èrè yẹn kò kúkú jìnnà sí ohun tí à ń sọ. Maslach àti onímọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Michael Leiter, fi hàn pé iṣẹ́ tó pọ̀ nìkan kọ́ ló ń fa agara. Ẹ wo bóyá ẹ láṣẹ kankan lórí iṣẹ́ yín, ẹ wo èrè, ẹ wo àjọṣe àárín yín àti àwọn tí ẹ jọ wà, ẹ wo bóyá wọ́n ń ṣe ẹ̀tọ́ láàárín yín, ẹ sì wo bóyá ohun tí wọ́n ní kí ẹ ṣe bá ohun tí ẹ gbà gbọ́ mu. Nínú tiwa níbí, ojúsàájú àti èyí tó kẹ́yìn yẹn ló ń ba tíṣà jẹ́ ju kíláàsì tó kún lọ, bí mo ṣe rí i sí. Èèyàn lè kọ́ ọmọ rẹpẹtẹ fún ọdún púpọ̀ kó má sú u, tó bá mọ̀ pé gbogbo àwọn ló jọ ń rù ú. Ṣùgbọ́n kí ẹnì kan máa kọ́ SS 1 sí SS 3, kó tún jẹ́ akọ̀wé ìpàdé òbí, kó tún mú àwọn ọmọ lọ sí ìdíje, nígbà tí ẹnì kejì ń ta aṣọ nínú yàrá àwọn tíṣà tí kò sẹ́ni tó bi í, ìyẹn á jẹ ẹ́ lọ́kàn. Tàbí kí wọ́n ní kí tíṣà tó fi ọdún mẹ́ta kọ́ ọmọ ní òtítọ́ dúró sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ìdánwò kó má rí nǹkan kan. Oorun wo ló fẹ́ wo ìyẹn sàn?

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ di gbogbo ẹrù lé, torí ẹ̀yin lẹ ṣì ń sáré, ẹ ò sì tíì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá fún àgbà. Ẹ má sọ pé “rárá” fún wọn. Ẹ kọ gbogbo iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ yín sínú ìwé kan, ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ bó ṣe tọ́, kí ẹ gbé e fún ọ̀gá: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, nínú gbogbo èyí, èwo lẹ fẹ́ kí n gbé sílẹ̀ kí n lè mú tuntun yìí?” Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ni kò mọ iye tó wà lọ́wọ́ yín, torí ẹni ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan fún yín. Wọ́n tún ń gbé WhatsApp àwọn òbí lé yín lórí. Tó bá ti di alẹ́, ẹ pa á. Ọmọ tí kò rí ìwé rẹ̀ ní aago mẹ́wàá alẹ́ á rí i láàárọ̀. Kò sì pọn dandan kí ẹ fi bírò pupa kan gbogbo ìlà tí ọmọ kọ. Àròkọ kan tí ẹ kà dáadáa sàn ju mẹ́rin tí ẹ kàn sàmì sí lọ.

Ọ̀rẹ́ mi onímọ̀ Ìṣirò yẹn, ìgbà tí wọ́n dín kíláàsì rẹ̀ kù, tí wọ́n fi láíbìrì kún un, ni ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í là. Kò yá bọ̀rọ̀. Ó tó oṣù bíi mélòó kan kó tó tún máa bá ọmọ jà.

Ohun kan ló kù tí mi ò fẹ́ fi ṣeré. Agara máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ó sì lè pẹ́ kó tó kúrò níbẹ̀: tíṣà tí ọmọ kíláàsì ti sú lè ṣì máa bá ọmọ tirẹ̀ ṣeré nílé. Tí ẹ bá rí i pé oúnjẹ, ilé, ìsìn, ọ̀rẹ́, gbogbo rẹ̀ ni kò dùn mọ́, tó sì ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, ìyẹn lè jẹ́ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó jẹ́ àìsàn gidi, dókítà ló ni ín. Àìtó ẹ̀jẹ̀ náà máa ń mú èèyàn rẹ̀ tẹnutẹnu, nítorí náà kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kí wọ́n sì wo ìfúnpá pẹ̀lú. UNIOSUN Teaching Hospital ò jìnnà sí wa. Ẹni tó bá ti ń sọ pé ó sàn kí òun kú, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ mú un lọ, ẹ má dúró de ọjọ́ ìpàdé. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ wèrè dẹ́rù bà á. Òfin àtijọ́ ti 1958 tó ń lo irú èdè bẹ́ẹ̀ fún aláìsàn ti kúrò nílẹ̀ láti January 2023 tí wọ́n ti fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ.

Fún àwọn tí ara wọn ṣì le, ọ̀sẹ̀ tí ilé-ìwé bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni kí ẹ ti rí igbákejì púríńsípà tó ń ṣètò táìmù tébù. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, pẹ́ńsù ló fi ń kọ ọ́, ó lè nu orúkọ yín kúrò níbì kan kó fi ẹlòmíì sí i. Tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ jáde, tí wọ́n sì ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá àwọn tíṣà, ẹ̀bẹ̀ ló kù, ẹ ó sì bẹ̀ ẹ́ títí di December.